Àádọ́ta Ọ̀rọ̀ Òdìkejì ti Ọ̀gbẹ́ni Ogden

Ní ọdún 1930 ni Ọ̀gbẹ́ni C. K. Ogden, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge, tẹ ìwé kékeré kan jáde, nínú èyí tí ó ti gé èdè àwọn ènìyàn rẹ̀ kù sí 850 ọ̀rọ̀ péré. Ó pe èdè kékeré náà ní Basic English. Ìlérí tí ó ṣe ni pé àjèjì tí ó bá mọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, tí ó sì mọ àwọn òfin díẹ̀ tí a fi ń so wọ́n pọ̀, yóò lè sọ ohun gbogbo tí ó ṣe pàtàkì fún un ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ní máa ru ẹrù ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ kiri. Ó fi í yangàn pé gbogbo wọn gba ojú kan ìwé kan ṣoṣo. Òkìkí ètò yìí kàn gan-an ní àkókò tirẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí Winston Churchill, tí í ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, fi yìn ín ní gbangba ní Yunifásítì Harvard ní 1943. Lẹ́yìn náà òkìkí náà rọlẹ̀. Ogden fúnra rẹ̀ kú ní 1957. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó sì ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lónìí.

Kí ni ó wá mú mi padà sí ojú ìwé àtijọ́ yìí? Ogden pín àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́: 100 jẹ́ ti ìṣe àti ti ìsopọ̀, 600 jẹ́ orúkọ nǹkan, 150 tí ó kù sì jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Nínú 150 yìí, ó pe 100 ní ọ̀rọ̀ gbogboogbò, ó sì kó 50 jọ sí abẹ́ àkọlé kan tí ó túmọ̀ sí òdìkejì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó rí ní kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa mọ irú ọ̀wọ́ yìí bí ẹni mọ owó. “Big” àti “small”, “hot” àti “cold”, “tall” àti “short”: bí orin ni a ti ń kà á. Ogden kọ́ ni ó dá àṣà náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ìwé tirẹ̀ ni ó fi í hàn kedere jù lọ, àti ire rẹ̀ àti àbùkù rẹ̀. Ọmọ tí ó bá kọ “long” sí iwájú “short”, nígbà tí ìwé olùkọ́ wí pé “tall” ni, àmì àṣìṣe ni yóò gbà. A ó sì ti fi ìdáhùn tí kò ní àbùkù sọ ọmọ náà di olódo. Lójú tèmi, ọ̀ràn kékeré kọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún ọkùnrin náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó dára kí a kọ́ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó ní ẹnìkejì kì í tètè sọnù lọ́kàn. Àwa Yorùbá mọ èyí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Tibi-tire, tọ̀sán-tòru, tọkùnrin-tobìnrin: ní méjì méjì ni a ń pè wọ́n. Bí a bá fẹ́ wí pé gbogbo ìlú jáde, a kì í ka orí. A ó ní tọmọdé-tàgbà ni ó jáde, ó sì parí. Nítorí náà ọmọ Yorùbá kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ pé nǹkan a máa ní òdìkejì. Ohun tí ó nílò ni kí a fi ibi tí òdìkejì ti Gẹ̀ẹ́sì kò ti bá ti ilé rẹ̀ mu hàn án.

Àbùkù kìíní rọrùn láti rí, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àádọ́ta ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tọkọtaya. Apá kan ni wọ́n. Ẹni tí ó ń kọ́ èdè náà ni yóò lọ wá apá kejì láàrín ọgọ́rùn-ún ti gbogboogbò. Ó rí “good” fún “bad”, ó rí “sweet” fún “bitter”, ó rí “living” fún “dead”. Ṣùgbọ́n bí ó bá wá “hot” tí yóò bá “cold” rìn, kò sí. “Warm” ni ó bá níbẹ̀, èyí tí kò ju lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ. “Awake” wà nínú àádọ́ta náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àpèjúwe fún ẹni tí ó sùn kò sí níbì kankan. “Poor” wà, “rich” kò sí. Tálákà nìkan ni Ogden rántí. Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, a ó máa wí pé ọkùnrin tí ó ní owó púpọ̀. N kò bá a jà lórí ìyẹn ṣá, nítorí ohun tí àwa náà ń ṣe nìyẹn bí a bá pe ènìyàn ní olówó. Èyí tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀rọ̀ “opposite” fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àádọ́ta náà. Ta ni ẹnìkejì rẹ̀? “Same” àti “like” ń jìjàdù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni “different”, tí òun náà wà nínú àádọ́ta, dúró nítòsí tí ó ń lé àwọn kan náà.

Àbùkù kejì ni ó mú mi gbé gègé. Ojú ìwé náà mú kí a rò pé ọ̀rọ̀ ni ó ní òdìkejì. Bẹ́ẹ̀ kọ́; nǹkan tí a ń ṣe àpèjúwe rẹ̀ ni ó ń yan òdìkejì. Ẹ mú “old”. Ilé tí ó jẹ́ “old” dojú kọ ilé “new”. Ọkùnrin tí ó jẹ́ “old” dojú kọ ọkùnrin “young”. Ọ̀rọ̀ kan, òdìkejì méjì; àwọn méjèèjì sì wà nínú ọgọ́rùn-ún Ogden láìsí àmì kankan tí ó fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Èdè wa kì í da nǹkan wọ̀nyí pọ̀ bẹ́ẹ̀: aṣọ a máa gbó, ènìyàn a máa dàgbà, ìtàn a máa di ti àtijọ́. Lóòótọ́ a máa ń súre fún ènìyàn pé kí ó gbó, kí ó sì tọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pe bàbá rẹ̀ ní ògbólógbòó bàbá yóò gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò fẹ́. Ní ti “short”, èdè méjèèjì rìn pọ̀: okùn tí ó kúrú dojú kọ okùn tí ó gùn, ọkùnrin tí ó kúrú dojú kọ ọkùnrin tí ó ga. Ọmọ tí ó kọ “long” tí a fi àmì àṣìṣe sí i lára, okùn ni ó ń rò lọ́kàn. Olùkọ́ ń ro ènìyàn. Ìwé kò sì sọ ohun tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni rò.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó dára jù lọ láti fi dán ojú ìwé náà wò ni “thin”. Àwọn ìwé kíkà a máa fi “thick” sí iwájú rẹ̀, wọn a sì kọjá lọ. Ẹ jẹ́ kí a gbé e wọ inú ilé Yorùbá kan ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ẹ̀kọ wà lórí iná: bí omi bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó ṣàn, bí kò bá ṣàn, ó ki. Aṣọ tí ìyá ilé fi bo ọmọ lè fẹ́lẹ́. Òdìkejì èyí ni kí ó nípọn. Igi tí ó ń kì bọ iná lè tín-ín-rín. Òdìkejì èyí ni kí ó tóbi. Ọmọ tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ sì rù. Òdìkejì èyí ni kí ó sanra. Nǹkan mẹ́rin, òdìkejì mẹ́rin, kò sì sí ọmọ ọdún márùn-ún nínú ilé náà tí yóò ṣi èyíkéyìí lò. Gẹ̀ẹ́sì wá, ó fi “thin” kan ṣoṣo bo gbogbo wọn. Bí ọmọ yìí bá dé ilé-ẹ̀kọ́ tí a sì kọ́ ọ pé “thick” ni òdìkejì “thin”, láìsí nǹkan tí ó dì mọ́ ọn, kí ni yóò kọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá tún sanra lẹ́yìn àìsàn? Yóò kọ ọ́ pé àbúrò òun ti di “thick”. Ará ìlú Òyìnbó tí ó bá ka ìwé náà yóò rò pé ó ń bú ọmọ náà ni, nítorí ní ẹnu tiwọn, ènìyàn “thick” ni òmùgọ̀. “Fat” wà nínú ọgọ́rùn-ún náà, ó sì lè gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìtìjú. Ṣùgbọ́n ojú ìwé kò sọ ibi kankan pé “thin” ni ó bá tan.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni “right”. Òun nìkan wà nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí “left” àti “wrong” wà nínú àádọ́ta: ọkọ kan, ìyàwó méjì. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé lọ́dọ̀ wa, ọ̀tún àti òsì kì í bá ara wọn ṣọ̀tá nígbà gbogbo. Ọ̀tún Balógun àti Òsì Balógun ti Ìbàdàn, ìjòyè ńlá ni àwọn méjèèjì, ẹ̀yìn Balógun kan náà ni wọ́n sì tò sí.

Bí a bá yí ojú padà, tí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè tiwa, ọ̀ràn náà tún le sí i. Ẹ wo tútù. Omi tútù dojú kọ omi gbígbóná. Ẹja tútù kò dojú kọ ẹja gbígbóná rárá. Ẹja gbígbẹ ni òdìkejì rẹ̀, bí igi tútù ti dojú kọ igi gbígbẹ. Aṣọ tí òjò pa tutù títí oòrùn yóò fi gbẹ ẹ́. Ẹni tí ó níwà pẹ̀lẹ́, a ní ó tutù. Ẹni tí ó yàtọ̀ sí i, a ní ara rẹ̀ gbóná tàbí pé ó le. Láti sọ ìwọ̀nyí ní Gẹ̀ẹ́sì a ó nílò “cold” àti “fresh” àti “green” àti “wet” àti “gentle”, ó kéré tán; méjì nínú wọn, “fresh” àti “gentle”, kò sì sí nínú 850 Ogden. Ọmọ tí ó ti kọ́ pé tútù ni “cold”, tí ó sì fẹ́ yin bàbá rẹ̀ nínú àròkọ, yóò kọ ọ́ pé bàbá òun jẹ́ “a cold man”. Ó rò pé òun ti fi ìyìn fún bàbá òun. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì yóò kà ni pé ọkùnrin náà kò ní ìfẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà kọ kò ní àṣìṣe nínú sípẹ́lì, kò ní àṣìṣe nínú gírámà. Olùkọ́ lè fún un ní máàkì gbogbo, kí bàbá náà sì kú láìmọ̀ ohun tí ọmọ òun kọ nípa òun.

Dùn náà bẹ́ẹ̀. Lójú Ogden “sweet” dojú kọ “bitter”, ìyẹn sì tọ́ bí a bá ń sọ̀rọ̀ oyin àti ewúro. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí iyọ̀ àti ata bá ṣe déédéé nínú rẹ̀, a ní ó dùn. Bí iyọ̀ bá sì dín, kì í korò, ó tẹ́ ni. Ibi yìí ni gbólóhùn tí a mọ̀ mọ́ wa, pé ọbẹ̀ “sweet”, ti wá, tí àwọn òyìnbó fi ń béèrè bóyá ṣúgà ni a dà sí i. Ohun tí ó tún yani lẹ́nu ni pé dùn yìí gbé òdìkejì ara rẹ̀ pọ̀n: inú mi dùn, ayọ̀ ni, ó dùn mí, ìbànújẹ́ ni. Ìtò ọ̀rọ̀ nìkan ni ó yí padà.

N kò ní sọ púpọ̀ nípa àwọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó àròkọ kan fún ara rẹ̀. Ogden fi “black”, “red” àti “yellow” sí ọ̀wọ́ gbogboogbò, ó sì fi “white”, “green” àti “blue” sí ọ̀wọ́ òdìkejì, kí olúkúlùkù lè dojú kọ ẹnìkejì rẹ̀. Èyí bá ẹ̀kọ́ Ewald Hering mu, ọ̀mọ̀wé Jámánì tí ó kọ́ni pé bí ojú ènìyàn ti ń ríran ni ó mú kí pupa àti àwọ̀ ewé máa takora. Ṣùgbọ́n àwọ̀ mẹ́ta ni ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ gbé wá láti ilé: dúdú, funfun, pupa. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣọ, dúdú dojú kọ funfun. Bí ó bá jẹ́ ti ara ènìyàn, dúdú dojú kọ pupa. Ìyá ìbejì yóò wí pé Táíwò dúdú, Kẹ́hìndé pupa, kò sì sí ẹni tí yóò rò pé Kẹ́hìndé rí bí ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà bí olùkọ́ bá béèrè òdìkejì “black”, tí ọmọ kan sì dáhùn pé “red”, kì í ṣe pé ọmọ náà kò gbọ́n. Ojú àwọn tí ó jókòó tì í ni ó ń wò.

Ọ̀rọ̀ méjì ṣẹ́ kù nínú àádọ́ta náà tí n kò lè fò. “Late” ni èkíní, tí “early” dojú kọ. Kí ni kí ọmọ wá ṣe nígbà tí ó bá kà á nínú ìwé ìròyìn pé “the late king”? A kì í pe ọba ní “early” nítorí pé ó wà láàyè. Èkejì ni “dear”, òun ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí ibẹ̀ ni èdè méjèèjì ti pàdé ní ojú ọ̀nà láìbá ara wọn dá àjọ. “Dear” dojú kọ “cheap”, ìyẹn ni ohun tí ó wọ́n lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì tún ń fi í bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí ẹni tí ó fẹ́ràn. Àwa náà ní ẹ̀wà wọ́n, a sì ní ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n. Ẹ̀wà tí ó wọ́n ní òdìkejì, nítorí a lè rà á ní ọ̀pọ̀ nígbà ìkórè. Ta ni ó ti ra ọ̀rẹ́ ní ọ̀pọ̀ rí? Ọmọ tí a bá fi èyí hàn lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé “dear” títí ayé.

Mo ti bá Ogden wí tó. Ó yẹ kí n wí pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀ràn òdìkejì jinlẹ̀. Ní 1932, ọdún méjì lẹ́yìn Basic English, ó kọ odidi ìwé lórí rẹ̀, Opposition ni orúkọ ìwé náà. Ó fi hàn níbẹ̀ pé oríṣi méjì ni òdìkejì: èyí tí a gé sí méjì, àti èyí tí ó wà lórí òṣùwọ̀n. Òkú àti alààyè, gígé ni ó wà láàrín wọn. Ẹni tí kò bá kú, ó wà láàyè, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n ga àti kúrú, tàbí tóbi àti kéré, orí òṣùwọ̀n ni wọ́n wà, àyè sì wà láàrín wọn fún ẹni tí kò ga tí kò sì kúrú. Edward Sapir, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gbé ọ̀ràn òṣùwọ̀n yìí yẹ̀ wò síwájú sí i nínú àròkọ kan tí a tẹ̀ ní 1944, lẹ́yìn ikú rẹ̀: irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa fi nǹkan wé nǹkan nígbà gbogbo, bí a kò tilẹ̀ dárúkọ ohun tí a fi wé. Ọmọ erin tí a pè ní kékeré tóbi ju òkété tí a pè ní ńlá lọ. Gbogbo ẹ̀kọ́ yìí wà nínú ìwé 1932. Ojú ìwé ti 1930 ni ó wà níwájú olùkọ́, níbi tí “dead” àti “short” ti tò lẹ́sẹ̀ kan náà bí ọmọ ìyá.

Èyí ni ó fà á tí àwọn ọmọ fi ń rò pé kíkọ̀ ni òdìkejì. Òfin Basic English gbà kí a fi “un” sí iwájú ọ̀rọ̀ àpèjúwe láti kọ ohun tí ó sọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìyẹn tó, Ogden ìbá ti yọ “bad” kúrò kí ó sì fi “ungood” sí ipò rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n ni ó sì lò. George Orwell ni ó ṣe é, nínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Nineteen Eighty-Four, tí ó jáde ní 1949. Níbẹ̀ ni ìjọba aninilára kan ti ń gé èdè kù kí ìrònú àwọn ará ìlú lè máa dín, “ungood” sì gba ilé “bad”. Yorùbá kì í jẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí i. Oníṣòwò tí oníbàárà ti ná ọjà rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́ yóò wí pé kò burú, yóò sì di ọjà náà fún un. Gbogbo ẹni tí ó dúró níbẹ̀ ni ó mọ̀ pé owó náà kò dára lójú rẹ̀. “Not bad” ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì sún mọ́ ọn gidigidi, èmi kò sì rí i rí kí a tò ó sínú ìwé kíkà kankan.

Ohun kan wà tí Ogden kò lè fi sí ojú ìwé rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe àwa ni ó ń kọ ọ́ fún. Nínú èdè wa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. A ní ó ga, ó kúrú, ó tutù. A kì í fi ohunkóhun sáàárín. Olùkọ́ tí ó bá kọ ọ́ sára pátákó pé “tall” ni ga, òun ni ó ti kọ́ ọmọ láti kọ “he tall”, bí ó bá sì na ọmọ nítorí rẹ̀, ó na ẹni tí ó gbọ́ràn sí i lẹ́nu. “Is tall” ni ga. “Tall” ni gíga, bí a ti ń wí pé igi gíga; bẹ́ẹ̀ náà ni kúkúrú, tútù, gbígbóná àti gbígbẹ. Àwọn wọ̀nyí ni kí ó tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì.

Bí a bá fi ojú ìwé náà lé mi lọ́wọ́ láti tún un ṣe, n kò ní yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Ń ó kàn fún olúkúlùkù ní nǹkan tí yóò dì mú: “thin” pẹ̀lú ẹ̀kọ, “thin” pẹ̀lú aṣọ, “thin” pẹ̀lú igi, “thin” pẹ̀lú ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ibùsùn àìsàn; “old” pẹ̀lú ilé àti pẹ̀lú bàbá; “short” pẹ̀lú okùn àti pẹ̀lú ènìyàn. Kò ní gba ojú kan ìwé kan mọ́.